Ẹgbẹ́ tú, olè gba kásẹ́ẹ̀tì: Bí Paul McCartney ṣe ṣe àwo 'Band on the Run' l'Ékòó lọ́dún 1973

Ẹni tó bá ń gba Wharf Road kọjá ní Apapa lónìí, tírélà àti ọkọ̀ agbépo tó ń lọ sí èbúté ni yóò máa rí. Kò ní wá sí i lọ́kàn pé àdúgbò yìí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn àwo orin rọ́ọ̀kì tó lókìkí jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Beatles, wá sí sitúdíò ilé iṣẹ́ EMI ní Apapa láti gba orin sílẹ̀ fún àwo tó pè ní 'Band on the Run'.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ orin kò yé béèrè nípa ìrìnàjò náà. Kí ló gbé e wá? Kí ló dé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sá lẹ́yìn rẹ̀? Báwo ni èèyàn mẹ́ta péré ṣe ṣe àwo tó dún bí ẹni pé ogún èèyàn ló wà níbẹ̀? McCartney fúnra rẹ̀ ti dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí láti ọdún yìí wá. Ohun tí àwọn ìdáhùn náà kọ́ni kò mọ sọ́dọ̀ òyìnbó nìkan, ó kan gbogbo ẹni tó bá ń kọrin nínú ẹgbẹ́.

Kí ló gbé McCartney wá sí Èkó?

Lẹ́yìn tí Beatles tú ká, McCartney dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1971, ó pè é ní Wings. Linda ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló ń tẹ dùùrù. Denny Laine, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ta gìtá. Denny Seiwell, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń lu ìlù. Nígbà tó yá, Henry McCullough láti Northern Ireland dára pọ̀ mọ́ wọn, ó di ẹni tó ń ta gìtá léédì.

Ó ti sú McCartney láti máa gba orin sílẹ̀ ní London nìkan. Ó bi EMI, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, pé níbo àti níbo ni wọ́n ní sitúdíò sí lágbàáyé. Nígbà tó rí Èkó lára àwọn ìlú náà, ọkàn rẹ̀ fà síbẹ̀. Ó rò pé òun á jókòó sínú oòrùn lọ́sàn-án, òun á sì kọrin lálẹ́. Ó tún fẹ́ràn ìlù ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé oṣù Kẹjọ kì í ṣe oṣù oòrùn l'Ékòó. Àsìkò òjò ló bá. Sitúdíò tó sì ń retí kọ́ ló bá ní Apapa. Tábìlì tí wọ́n fi ń darí ohùn ní ìṣòro, ẹ̀rọ téèpù kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Geoff Emerick, ẹ̀ńjíníà ohùn tó ti bá Beatles ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ló bá wọn wá. Òun ló ní láti wá ọgbọ́n dá sí i.

Kí ló dé tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì fi kúrò?

Ìbéèrè yìí ni àwọn olólùfẹ́ máa ń béèrè jù, òun ló sì yẹ kí gbogbo olórin fetí sí.

Nígbà tí ìrìnàjò kù díẹ̀, wọ́n ń ṣe ìgbaradì ní Scotland. McCartney ní kí McCullough ta gìtá báyìí-báyìí ní ibì kan nínú orin. McCullough ní òun ò ní ta á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó gbé gìtá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó wá ku ọ̀la kí wọ́n wọkọ̀ òfuurufú, Denny Seiwell náà tẹ ago pé òun ò lọ mọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gìtá nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó wà ńlẹ̀. Pọ́n-ùn 70 lọ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórin tó lókìkí jù láyé. Seiwell ti ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ohun tó ń dun òun ni pé kò sí àdéhùn kankan nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

McCartney náà ní tirẹ̀ láti sọ. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1970, ó pe àwọn mẹ́ta yòókù nínú Beatles lẹ́jọ́ ní London kí àjọṣe okòwò wọn lè tú ká. Lọ́dún 1971, adájọ́ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó owó ẹgbẹ́ náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Èyí túmọ̀ sí pé lóòótọ́ ni owó wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí níbi tí ọwọ́ ti lè tó o.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún. Ti Wings ò tiẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Èèyàn márùn-ún ló yẹ kó wá sí Èkó, èèyàn mẹ́ta ló dé: Paul, Linda àti Denny Laine.

Báwo ni èèyàn mẹ́ta ṣe ń dún bí odindi ẹgbẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń jókòó pọ̀, tí wọ́n á kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ olórin wa ló ṣe bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà.

Ẹ̀rọ tó wà ní Apapa ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ lórí téèpù kan. Ẹ jẹ́ ká fi í wé títì oníbejì mẹ́rin: ọkọ̀ mẹ́jọ lè rìn lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìfara kan ara wọn. Wọ́n lè gba ìlù sójú ọ̀nà kan, kí wọ́n dá téèpù padà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sétí gbọ́ ìlù náà, kí wọ́n wá gba gìtá sójú ọ̀nà kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa to orin léra wọn bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Nítorí pé onílù ti lọ, McCartney fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù. Ó lu ìlù, ó ta gìtá béèsì, ó ta gìtá léédì níbi tí ó yẹ, ó sì kọrin. Laine ń ta gìtá, ó ń gbe orin. Linda ń tẹ dùùrù, òun náà ń gbe orin.

Ọ̀nà yìí ní ewu tirẹ̀. Tí ìlù àkọ́kọ́ bá ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá tò lé e lórí ló máa yẹ̀. Tí ojú ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá sì ti kún, a ní láti po ohùn mélòó kan pọ̀ sójú kan kí àyè lè wà. Ohun tí wọ́n bá ti pò pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti mú kí èèyàn lè ní ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀nà, kó sì pa èyí tí kò wù ú rẹ́. Lọ́dún 1973, ẹni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ ní láti mọ ohun tó fẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì.

Iṣẹ́ náà kò ṣàì mú un lára. Lọ́jọ́ kan nínú sitúdíò, èémí há McCartney láyà. Ó jáde síta kó lè gba atẹ́gùn, ló bá dákú. Linda rò pé ó ti kú. Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀nà èémí rẹ̀ ló dì nítorí sìgá tó ń mu lámujù.

Orin wo ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí olè gbà?

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fẹsẹ̀ rìn lálẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Paul àti Linda fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò kan dúró tì wọ́n, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Wọ́n gba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan kásẹ́ẹ̀tì tí McCartney kọ àwọn orin tuntun sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, àti ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

Kí wá ni wọ́n ṣe? McCartney máa ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn olè náà má tiẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ti fi orin mìíràn pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn orin náà kò sọnù. Wọ́n ti kọ wọ́n lákọtúnkọ ní Scotland kí wọ́n tó wá. Wọ́n ti wọ̀ wọ́n lára. Ohun tó wà lórí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Apapa, láìwo ìwé.

Ṣé lóòótọ́ ni Fela bá wọn jà?

Lóòótọ́ ni. Fela Aníkúlápó-Kútì fi ẹ̀sùn kan McCartney ní gbangba pé ó wá jí orin ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ti kó iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ, orin wa náà sì ti ń di owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

McCartney kò fi ìbínú dá a lóhùn. Ó pe Fela, ó sì gbé àwọn orin tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́. Fela gbọ́ ọ, ó rí i pé kò jọ orin tòun, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. McCartney tún lọ sí Shrine láti wo Fela níbi tó ti ń ṣeré. Ó ti sọ ọ́ léraléra pé orin tóun gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà mú omi bọ́ lójú òun.

Ó yẹ ká rántí èyí náà: ní ìparí àwọn ọdún 1970, Tony Allen, onílù tí ìlù Afrobeat dúró lé lórí, kúrò lẹ́yìn Fela. Àwọn mìíràn kúrò pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tó fà á. Ohun tó tú Wings ká kò jìnnà sí ẹgbẹ́ tiwa náà.

Ta ló bá wọn ṣe àwo náà?

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tó ti bá Fela ṣiṣẹ́, ní sitúdíò tirẹ̀ ní Ikeja nígbà náà. Ó fẹ́ kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Níkẹyìn, orin kan ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀ níbẹ̀, 'Picasso's Last Words'. Baker tó mọ ìlù lù bẹ́ẹ̀ kò lu ìlù. Agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ni ó mì.

Nígbà tí wọ́n padà sí London, wọ́n fi ohun tó kù kún un. Tony Visconti kọ ipa tí àwọn onígòjé àti afunfèrè máa kó. Howie Casey fun sàsófóònù. Remi Kabaka lu ìlù ọwọ́ sí orin 'Bluebird'. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu nìyí: ọmọ Èkó ni Kabaka, ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe Apapa.

Denny Laine, tó dúró tì wọ́n, ní orúkọ lára orin kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ kọ ọ́: 'No Words'. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé orin ló máa ń gba owó nígbàkígbà tí wọ́n bá ta á tàbí tí wọ́n bá gbé e sórí rédíò. Ẹni tó kàn wá ṣeré, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ló máa ń gbà, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn.

Ibo ni ọ̀rọ̀ já sí?

Àwo náà jáde lóṣù Kejìlá ọdún 1973. Kò kọ́kọ́ gbéra kíákíá, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1974, ó ti dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní Britain. Lọ́dún 1975, ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy, Emerick náà sì gba tirẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà. McCullough àti Seiwell kò sí níbẹ̀.

Fún àwọn ẹgbẹ́ olórin wa, ẹ̀kọ́ méjì ló hàn gbangba. Orin tí ẹ bá ti kọ́ dáadáa, olè kò lè gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ dára kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí kò sí nínú ìwé, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá le jù ló máa ń já. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ sitúdíò: ta ló kọ orin, eélòó ni oníkálukú máa gbà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ.

Lọ́dún 2024, wọ́n tún gbé ẹ̀dà kan jáde tí wọ́n ti yọ gòjé àti ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi kún un kúrò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò gbọ́ èèyàn mẹ́ta àti ìlù tí ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ lù nítorí pé onílù kò wá.