Oṣù Mẹ́ta Lórí Ẹní: Bí Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kán Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera la gbé wá lónìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdúgbò tí alùpùpù kò tíì ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí egungun ojúgun àgbàlagbà bá kán, kì í sábà jinná kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ti itan lè gbà tó oṣù mẹ́fà. A máa ń sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, a máa ń sọ̀rọ̀ egungun. Ọkàn ẹni tó wà lórí ẹní ńkọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé á kún. Ẹni yìí gbé ọsàn wá, ẹni yẹn gbé ẹ̀kọ wá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, oko ti pe kálukú. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé èrò lọ Kétu lójoojúmọ́ wá ń ka igi àjà. Ó sùn lọ́sàn-án, oorun ò wá lóru. Oúnjẹ ò wù ú mọ́, ó ń bú ìyàwó, ó ń bú ọmọ. Àwọn ará ilé á ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Lójú tèmi, kì í ṣe ìwà. Ọjọ́ rẹ̀ ni kò ní àárọ̀, kò ní ọ̀sán, kò ní alẹ́ mọ́.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ dá padà fún un nìyẹn. Kí ó wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ ní àkókò tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí yóò ti máa kí àwọn tó ń kọjá. Nelson Mandela lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n ní South Africa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé láàárọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, òun máa ń sáré lójú kan nínú yàrá òun fún ìṣẹ́jú 45. Ẹlẹ́sẹ̀ kíkán ò lè sáré, àmọ́ apá rẹ̀ ò kán: kó máa gbé òkúta kékeré sókè sódò.

Ẹ jẹ́ kó máa ka ọjà pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà lọ́rọọrún, oṣù mẹ́ta kò ju ọjà 22 lọ. Kó máa ju ọmọ ayò kan sínú igbá lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 90 ń dẹ́rù bani. Ọjà 22, èèyàn lè rí òpin rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló wá kàn. Ayò dára: ihò 12, ọmọ 48, kí ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé jókòó tà á pẹ̀lú rẹ̀. Rédíò dára. Ṣùgbọ́n eré nìkan kì í tó àgbàlagbà. Ó fẹ́ mọ̀ pé òun ṣì wúlò nínú ilé. Ẹ gbé ẹ̀gúsí fún un kó bó, nítorí ẹ̀gúsí bíbó ń pa owó ju èyí tó wà nínú èèpo lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan á ní iṣẹ́ obìnrin ni. Kí wọ́n bó kóńgò kan ná, ká tó máa jiyàn.

Gbogbo èyí ò rọ́pò ilé ìwòsàn o. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tàbí tó ń dúdú nínú ohun tí wọ́n fi dì í, tí ẹsẹ̀ bá wú lójijì, tí kò bá lè mí dáadáa, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí kò bá lè dìde, ẹ máa bá a yí ara padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara má baà degbò. Bí ó bá sì ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má pè é ní àwàdà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ wá dókítà.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ olùgbọ́ ni pé kí ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Èèyàn kan lọ́jọ́ kan, ní wákàtí kan náà, sàn ju ogún èèyàn lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn tí kò ráyè, kó rán ọmọ lọ sọ ọ́, torí pé ẹni inú yàrá yẹn á ti wẹ̀, á ti gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ dè é.