Kókó Dúdú Ojú: Èwo Nínú Lésà Ni Ká Mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn pè mí lóṣù tó kọjá. Olùkọ́ ni òun náà báyìí, nínú Adó níbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lóṣù Kejìlá. Nígbà tó kí mi tán, tó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà. Àwọn kókó dúdú tó wà lójú mi yìí ni. Wọ́n ní lésà ń kó o kúrò. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ fún mi. Èwo ni kí n mú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà tèmi, dókítà ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí mọ̀ pé èmi náà ní in lẹ́rẹ̀kẹ́, tí ẹ kò bá ti gbàgbé. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó pé ogójì ọdún. Ìyá mi ní in, ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ní in. Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀, mo sì ti bi àwọn dókítà awọ ara léèrè, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Yorùbá ní orúkọ fún irorẹ́, fún eéwo, fún làpálàpá, fún kúrúnà. Nǹkan tó ń dunni tàbí tó ń yúnni kì í pẹ́ gba orúkọ. Èyí kì í dunni, nílé wa a kàn ń pè é ní kókó àgbà ni. Orúkọ tí àwọn dókítà fún un gùn: dermatosis papulosa nigra. Gíríìkì àti Látìn ni wọ́n fi hun ún, kò sì sọ ju ohun tí ojú rí lọ: awọ tó yọ kókó kéékèèké dúdú. Aldo Castellani, dókítà ará Ítálì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1925, lẹ́yìn tó ti rí i lára àwọn èèyàn dúdú ní Jàmáíkà àti Àárín Amẹ́ríkà. Ẹ wo ojú Morgan Freeman, òṣèré Amẹ́ríkà yẹn, ẹ óò rí i kedere.

Kò kì í ranni. Kì í di jẹjẹrẹ. Ìdílé ló ń bá rìn, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, yóò sì máa pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀bá ojú, ọrùn, nígbà mìíràn àyà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ayé ló fi ṣe yín, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ yín ló dọ̀tí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ó lè fi í sílẹ̀, kó sì lọ jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ẹ lójú òun mọ́. Mi ò bá a jà. Ojú tirẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí gbogbo yín dúró díẹ̀ nìyí. Bí kókó kan bá dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń yára dàgbà, tó ń yí àwọ̀ padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kókó ṣàdédé sú jáde láàárín oṣù mélòó kan, tí wọ́n sì ń yúnni. Lésà máa ń jó kókó náà di òfo, kò sì ní ku ohun tí wọ́n máa gbé lọ yẹ̀ wò ní láàbù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó, kó sọ pé òun mọ̀ ọ́n dájú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lésà. Orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn, wọ́n rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ ni takisí Adó, ọkọ̀ ni tírélà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé tírélà lọ sí Ọjà Ọba lọ ra ata? Ohun tó ya lésà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń fi nánómítà wọ̀n. Ní 1983 ni Rox Anderson àti John Parrish ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé rẹ̀ pé a lè ṣa ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan pàtó nínú awọ máa mu, kí ohun náà gbóná kó sì bàjẹ́, kí aládùúgbò rẹ̀ wà láìfarapa. Ohun tí à ń wá nínú kókó wa ni mẹ́lánììnì, ìyẹn aró tó mú awọ wa dúdú. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ náà aláró ni! Gbogbo wàhálà wa nìyẹn.

Lésà tí wọ́n ń pè ní KTP, 532 nánómítà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àwọ̀ ewé ni. Aró máa ń mu ún gan-an. Kókó á gbóná, á gbẹ, á já. Ṣùgbọ́n awọ tó yí i ká náà á mu tirẹ̀ níbẹ̀. Lára òyìnbó, ìyẹn kéré. Lára tèmi àti tiyín, ó lè fi àmì sílẹ̀. Nd:YAG jẹ́ 1064, ìlọ́po méjì géérégé. Aró kì í mu tirẹ̀ púpọ̀, ó máa ń wọlé jìn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú awọ dúdú fi sábà máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè jóni o. CO2, 10,600, kò bìkítà nípa aró rárá, omi ló ń wá, omi sì kún inú awọ. Ó máa ń sọ awọ òkè di èéfín, ó dára fún kókó tó ga, àmọ́ bí ọwọ́ bá jìn jù, àpá ni. Mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi náà nìyẹn.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un ni pé lésà kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi abẹ́rẹ́ oníná mànàmáná tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ kókó yìí, tàbí kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé e. Wọ́n ti fi KTP wé abẹ́rẹ́ oníná lójú àwọn aláìsàn kan náà, iṣẹ́ méjèèjì sún mọ́ra. Ìrora ló dín kù lọ́dọ̀ lésà. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀rọ òun nìkan ló dára, ẹ̀rọ ló ń tà. Èyí tí mi ò fẹ́ fún awọ dúdú ni nàìtírójìn olómi, tó ń fi òtútù pa kókó. Òtútù máa ń pa àwọn tó ń ṣe aró pẹ̀lú, ibẹ̀ á sì funfun.

Ó tó àkókò kí n sọ ti àbúrò mi. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ṣe ojú lọ́ṣọ̀ọ́ fi nǹkan olómi kan tó ń ta bí ásíìdì tọ́ kókó mẹ́jọ fún un. Kókó lọ lóòótọ́. Mẹ́fà di àpá dúdú tó tóbi ju kókó lọ, méjì di funfun bí ẹni pé ọ̀dà ta sí i lójú. Ọdún kan gbáko ló fi ń wé gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Dúdú ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Funfun ò lọ.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà nínú Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kó béèrè dókítà awọ ara. Bí wọ́n bá ní kó lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, kó lọ. Mo kọ ìbéèrè fún un bí ẹni ń múra ìdánwò. Ẹ̀rọ yín, nánómítà mélòó ni? Awọ bíi tèmi mélòó lẹ ti ṣe, ṣé ẹ lè fi fọ́tò hàn mí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Nọ́ńbà mélòó ni awọ mi lórí òṣùwọ̀n Fitzpatrick? (Ti 1975 ni òṣùwọ̀n yẹn. Awọ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi karùn-ún àti ìkẹfà kún un fún wa, bí ẹni ń fa àga sí ẹ̀yìn kíláàsì fún àlejò.) Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn, kó kí i, kó máa lọ sílé.

Kó sọ fún wọn bí egbò rẹ̀ bá máa ń wú di àpá gíga, kó sì jẹ́wọ́ ìpara tó ń bó awọ bó bá ń lò ó. Kí wọ́n bo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí lésà ń fọ́ni lójú. Kí wọ́n dán kókó méjì tàbí mẹ́ta péré wò nítòsí etí. Èépá rẹ̀ á já fúnra rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan, kó má fi èékánná ṣí i. Kó sá fún oòrùn ọ̀sán, kó fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa á. Owó àpò ara rẹ̀ ni o, wọn ò ka irú èyí sí àìsàn. Tuntun á sì tún máa yọ níbòmíràn, nítorí ìdílé rẹ̀ ò yí padà.

Ó ní, "Bàbá, oṣù Kejìlá ti sún mọ́lé ju èyí lọ." Mo ní nítorí náà gan-an ni, àpá dúdú lè gba oṣù púpọ̀ kó tó ṣá, fọ́tò ìgbéyàwó ò sì ní dúró dè é. Ó pè mí lánàá. Wọ́n ti dán méjì wò lẹ́bàá etí òsì, Nd:YAG ni wọ́n lò. Ó ní òun máa fi fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé òun ti sọ fún ọmọ òun pé ojú tí òun fi bí i ni òun máa gbé wá síbi ìgbéyàwó.