Ta Ló Yàn Dáadáa, Saka Tàbí Lookman?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó bá àwọn àgbà lẹ́nu ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n á bọ́ sórí ìbò Nàìjíríà àti owó náírà, wọ́n á tún padà sórí bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Nàìjíríà ni òbí Bùkáyọ̀ Saka àti Adémọ́lá Lookman. London ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Saka yan England. Lookman, tó dàgbà ní Peckham wa níbí, bá England gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 2017, ṣùgbọ́n ní 2022 ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ní 2024, wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà.

Ta ló yàn dáadáa? Bí àríyànjiyàn yìí bá ti gbóná, àwọn ọmọ wa á tẹjú mọ́ fóònù. Wọ́n ní èrò. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí a ṣe ń bá àgbà jiyàn ní Yorùbá láì ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ èyí: "Ẹ má bínú sà, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé..."

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dá a lóhùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ èrò tirẹ̀, pẹ̀lú ìdí kan.