A Ti Ṣẹ́gun Tán: Àwọn Tí Ń Gbé Ibẹ̀ Ńkọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ti ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 14, nídìí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. Géèmù tí ó dá lórí ogun láàrin àwọn ìràwọ̀ ni ó ń ṣe. Lójijì ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Mo ti gba ayé wọn, sà!" A bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni a bi í pé, "Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Ó dáhùn pé, "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, sà, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ mí lẹ́nu. Màá pa gbogbo wọn rẹ́." Kò bínú nígbà tí ó ń sọ ọ́. Bí ẹni tí ó fẹ́ gbálẹ̀ ni ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí a tètè sùn lóru ọjọ́ náà. A mọ̀ pé eré ni ọmọ náà ń ṣe, a kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n inú eré ni ọmọdé ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, ohun tí ó bá sì ń ṣe lójoojúmọ́, ó yẹ kí àwa àgbà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ àwa náà ní eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irú Eré Wo Ni?

Orúkọ eré náà ni Master of Orion II. Ní 1996 ni ó jáde; èkíní rẹ̀ ti jáde ní 1993. Ẹni tí ń ṣe é ni yóò jẹ́ olórí fún ọ̀kan nínú ẹ̀yà 13 tí eré náà ní. Ayé kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ ní. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa rán ọkọ̀ òfúrufú jáde láti wá àwọn ayé mìíràn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ṣófo. Àwọn mìíràn ní olùgbé. Eré náà kì í ṣe eré ìkánjú. Ó dàbí ayò: a óò ronú, a óò ta tiwa, a óò sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó tún kàn wá.

Ní 1993, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Alan Emrich fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣàpèjúwe irú eré yìí: ṣíṣe àwárí, mímú ilẹ̀ gbòòrò, lílo ọrọ̀ ilẹ̀, àti pípa ọ̀tá run. Títí di òní, 4X ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wọn kà. Ìṣàkóso kò sí nínú wọn. Síbẹ̀, níbi ìṣàkóso gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ogun Kì Í Pẹ́, Ìjọba Ni Ó Ń Pẹ́

Láti gba ayé tí ó ní olùgbé, a óò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ogun borí àwọn ohun ìjà tí ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni a óò sọ ọmọ ogun kalẹ̀ láti bá ti ilẹ̀ náà jà. Bí tiwa bá borí, ayé náà di tiwa lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú oko àti ilé iṣẹ́ tí ó bá ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tíì di tiwa. Nínú eré náà, àwòrán ènìyàn kékeré kọ̀ọ̀kan dúró fún mílíọ̀nù 1 ènìyàn. Bí ìjọba wa bá jẹ́ ti apàṣẹwàá, yóò kàn wá nígbà 8 kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó gbà wá ní olórí. Bí ó bá jẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ìgbà 4 ni. Irú ìjọba kan sì wà tí gbogbo ará ìlú ń ronú bí ẹnì kan. Iṣẹ́ ń yá lọ́wọ́ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà 20 ni ó ń gbà wọ́n kí àjèjì kan tó bá wọn mu. Kí àkókò náà tó pé, àwọn tí a ṣẹ́gun lè dìtẹ̀, kí wọ́n gbé ìjà ko àwọn ọmọ ogun wa. Bí ẹ̀yà bíi méjì bá sì ń gbé pọ̀, ìdùnnú ìlú a máa fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, àyàfi tí a bá kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì.

Ibi tí ọmọ wa ti kọsẹ̀ nìyí. Ó ń sáré láti ayé kan bọ́ sí òmíràn, kò fi ọmọ ogun tí ó tó sílẹ̀, kò sì kọ́ ohunkóhun fún àwọn tí ó ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n dìtẹ̀, ó rò pé kí òun pa wọ́n rẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Eré náà sì gbà á láyè. Ó gbàgbé pé àwọn yẹn náà ni àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé náà. Ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn kì í gbin iṣu.

Ọmọ Ayò Kì Í Ṣọ̀tẹ̀

Nínú ayò, ọmọ tí a bá ti jẹ ti di tiwa. Kì í sọ̀rọ̀, kì í rántí ilé. Ènìyàn kì í ṣe ọmọ ayò. Nígbà tí Ìbàdàn lágbára, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ṣẹ́gun. Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ìlú náà para pọ̀ ja ogun Kírìjì. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká. Rèhóbóámù ọmọ Sólómọ́nì kò tilẹ̀ jagun kí ó tó jọba, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ líle kan ṣoṣo mú kí ẹ̀yà mẹ́wàá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn eré tí ó jáde lẹ́yìn túbọ̀ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Stellaris, tí ilé iṣẹ́ Paradox ní Sweden gbé jáde ní 2016, ẹni tí ń ṣe eré ni yóò fi òfin yan ohun tí yóò ṣe fún ẹ̀yà tí ó ṣẹ́gun: kí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, kí ó sọ wọ́n di ẹrú, kí ó lé wọn jáde, tàbí kí ó pa wọ́n run. Bí àlàáfíà ìlú bá lọ sílẹ̀, ohun tí ìlú ń mú jáde yóò dín kù. Bí a bá sì ń pa ẹ̀yà run, àwọn ìjọba yòókù yóò kórìíra wa.

Ọ̀nà mìíràn tilẹ̀ wà. Nínú Master of Orion, ìgbìmọ̀ gbogbo àwọn ẹ̀yà a máa pàdé láti dìbò. Ẹni tí ó bá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò náà ni yóò di olórí gbogbo wọn, láìjẹ́ pé ó gba gbogbo ayé tán.

Kí Ni Kí Òbí Ṣe?

Ẹ̀yin òbí, kí a gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ nìkan kò tó. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ta ni ó ń gbé ibẹ̀ kí o tó dé?
2. Kí ni o ṣe fún wọn lẹ́yìn tí o ṣẹ́gun wọn?
3. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ṣẹ́gun, ṣé wàá fẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ wa pè wá wá wo ayé kan tí ó gbà. Kò pa àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ó ti fi ọmọ ogun ṣọ́ wọn, ó kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó àjèjì, ó sì ní sùúrù. A yìn ín, a sì bi í pé kí ló dé tí ó dá wọn sí. Ó ní, "Nítorí pé oúnjẹ ń pọ̀ sí i, sà."

Ìdáhùn náà kò tíì tó. Ibi tí eré lè mú un dé nìyẹn: pé kí a dá ènìyàn sí nítorí èrè. Àwa òbí ni yóò mú un dé ibi tí ó kù. A ní láti sọ fún un pé bí wọn kò bá tilẹ̀ gbin ewé kan, ènìyàn ni wọ́n. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wò wá, ó ní, "Kí ẹ jókòó, sà. Ó tún ti kàn mí."

A jókòó.