Bí Èso Òkèèrè Ṣe Pọ́ọ́kú Ju Ti Ilé Lọ ní Jàpáànù

Ní ọjà ìlú Tokyo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wọkọ̀ ojú omi láti Filipíìnì sábà máa ń pọ́ọ́kú ju ápù tí wọ́n ká ní Aomori, ní àríwá Jàpáànù gan-an, lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Kí ọdún 1963 tó dé, ìjọba ló ń pàṣẹ iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lè wọlé. Taiwan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ó sì wọ́n débi pé aláìsàn ni wọ́n ń rà á lọ kí. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba mú òfin yìí kúrò. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, àwọn oko ńláńlá tí wọ́n dá sí Mindanao ní Filipíìnì nítorí ọjà Jàpáànù ti gba ipò Taiwan. Láti ìgbà náà, owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Filipíìnì fi bẹ àwọn oníṣòwò Jàpáànù ní ọdún 2022 pé kí wọ́n fi owó lé e, torí ajílẹ̀ àti epo ti gbówó lórí. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́: ẹnìkan ló ń ru ẹrù ohun tó bá pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ ọsàn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti gbin mikan, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ bó, lápọ̀jù; nígbà tí ìkórè ọdún 1972 kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ta ko ọsàn Amẹ́ríkà kíkankíkan. Àdéhùn tí Jàpáànù bá Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1988 ló ṣẹ́gun wọn, ọsàn sì wọlé láìsí òté ní 1991.

Oko orí òkè tí kò tóbi ní Jàpáànù kò lè bá oko Kalifóníà ní Amẹ́ríkà du ọ̀pọ̀, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ gbájú mọ́ adùn àti ẹwà. Ní Shizuoka, èso kan péré ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí ìtàkùn mélọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ní Aomori, wọ́n ń fi àpò bo ọ̀pọ̀ ápù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Miyazaki, wọ́n ń fi àwọ̀n gbé máńgòrò títí yóò fi já fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ yìí kò ní pe owó rẹ̀ ní ìrẹ́jẹ. Púpọ̀ nínú èso bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rà fi tọrẹ láàárín ọdún àti ní ìparí ọdún. Ilé ìtajà Sembikiya, tó ń ta irú èso bẹ́ẹ̀, ti wà lẹ́nu òwò èso láti 1834. Mílíọ̀nù márùn-ún yen tí wọ́n fi ra mélọ́ọ̀nù ìlú Yubari méjì ní gbàǹjo ọdún 2019 jẹ́ ti ìpolówó; kì í ṣe iye tí ará ilé ń ná.

Ápù yàtọ̀. Nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò àti àrùn, ti Amẹ́ríkà kò ráyè wọlé títí di 1995, títí di òní ni ti òkèèrè sì ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ.

Àwọn àgbẹ̀ mikan ti ń darúgbó báyìí, ìkórè wọn kò sì tó mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù mọ́. Àìtó yìí náà ń gbé owó èso ilé sókè.