ÀYÍPADÀ ÀRÒPỌ̀-ÌṢE NÍNÚ Ẹ̀KỌ́ FÍSÍÌSÌ: ÀLÀYÉ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́NI

Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí àwọn onífísíìsì ń pè ní action, àti ìdí tí gbólóhùn náà, "ìṣẹ̀dá a máa yan èyí tó kéré jù," fi lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Maupertuis, ọmọ Faransé, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1744. Hamilton, ọmọ Áílándì, tún un ṣe ní 1834.

Orúkọ tó yẹ ẹ́

"Ìṣe" nìkan kò tó. Nínú òfin kẹta Newton, ipá ni ìṣe àti ìfèsì. Èyí kì í ṣe ipá. Ní àkókò kékeré kọ̀ọ̀kan tí nǹkan fi ń rìn, a ó yọ agbára tó ní nítorí gíga rẹ̀ kúrò nínú agbára ìrìn rẹ̀, a ó fi àkókò náà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá "àròpọ̀-ìṣe".

Àpẹẹrẹ bọ́ọ̀lù

Akẹ́kọ̀ọ́ ju bọ́ọ̀lù kílógíráàmù 1 sókè. Ó padà sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí a bá fi 10 m/s² ṣe òòfà ilẹ̀, tí a sì ka ọwọ́ sí òdo, bọ́ọ̀lù ga dé mítà 5. Ẹ jẹ́ kí á yí gíga yìí padà nínú ìṣirò, kí àkókò àti ìrísí ìrìn má yí:

- mítà 0 (ó wà lọ́wọ́): 0
- mítà 4.5: −33.0
- mítà 5: −33.3
- mítà 5.5: −33.0
- mítà 10: 0

Òdiwọ̀n rẹ̀ ni júùlù lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá. A yí gíga padà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, àròpọ̀ kò yí ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ìdí abọ́ ló rí: bí èèrà bá sún díẹ̀ níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè rárá. Àmì tí a fi ń mọ ọ̀nà tòótọ́ nìyẹn.

Kì í fìgbà gbogbo kéré jù

Ìmọ́lẹ̀ náà ní irú òfin yìí, tí Fermat sọ ní 1662. Àkókò ìrìn ni tirẹ̀. Lásìkò ooru, ẹni tó ń ti Maiduguri lọ sí Khaddamari, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Jere, lè rí ohun tó jọ omi lójú títì ọlọ́dà. Ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Ó lè rí igi kan lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan nàró, èkejì dorí kodò. Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bófin mu, ṣùgbọ́n àkókò wọn kò dọ́gba. Méjèèjì kò lè jẹ́ èyí tó kéré jù.

Ìkádìí

A dábàá pé kí olùkọ́ni máa sọ pé àròpọ̀-ìṣe "kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí" lójú ọ̀nà tòótọ́, dípò "kéré jù", kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fọwọ́ ara wọn ṣírò ti bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó kọ́ fọ́múlà.