Ìpínsísọ̀rí Pteraspis, Ẹja Alásà Tí Kò Ní Àgbọ̀n

Ẹni tí ó ra àrọ̀ ní ọjà Mushin mọ̀ pé orí rẹ̀ le koko. Síbẹ̀, àrọ̀ ní àgbọ̀n. Pteraspis, ẹja tí ó wà láyé ní ohun tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò ní. Asà rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹ́kù nínú òkúta.

Ní 1835, Agassiz kà á mọ́ ẹja Cephalaspis. Kner, tí ó sọ ọ́ ní Pteraspis ní 1847, pè é ní ìkarawun inú ara ẹran omi aláìléegun. Ní 1858, Huxley fi awò amóhuntóbi wo inú asà náà. Kò jọ ìkarawun. Kò sì jọ ti Cephalaspis, nítorí egungun Cephalaspis ní àyè sẹ́ẹ̀lì, ti Pteraspis kò ní. Ní 1868, Lankester yà wọ́n sí ìsọ̀rí méjì: Pteraspis sí Heterostraci, Cephalaspis sí Osteostraci.